Ìlà Mẹ́fà Lára Káàdì Corbin

                                        41, Òpópónà Foundry,
                                        Harlow Creek,
                                        Ohio.
                                        Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Ọ̀wàrà, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Wendell,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, o máa pa lẹ́tà yìí dé kí o tó dé ibi ọ̀rọ̀.

A borí nínú ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́, a wá pàdánù mẹ́rin léra wọn. Láàárín mẹ́rin yẹn, Corbin, kọ́tàbáàkì wa, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ju bọ́ọ̀lù mọ́kànlá sọ́wọ́ àwọn tí à ń bá gbá. Ìlú ti pín sí méjì. Kóòṣì Pruett ti ní òun máa fi Corbin jókòó lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí Brody, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì yìí kan náà ni ọkùnrin tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún yunifásítì ń bọ̀ láti Kentucky wá wo Corbin. Bí kò bá rí i lórí pápá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọmọ yẹn lọ nìyẹn. Nítorí ìlà mẹ́fà lára káàdì kékeré kan ni gbogbo èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Ta ló mọ̀? Bàbá Ruzicka mọ̀ láti ìjẹta. Darlene mọ̀. Èmi mọ̀. Ìwọ náà mọ̀, Wendell. Ó kéré tán, o mọ ọ̀kan nínú mẹ́fà.

Ó yá, o kú ilé o. Ṣé ara le? Carla ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ́ lórí àtẹ̀gùn ti ń san? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín yẹn ti yọ, ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn? Àwa náà wà dáadáa níbí. Hank ọkọ mi ti kó igi ìdáná wọlé, ó sì ti ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè ọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ìgbà kan ṣoṣo tí o gbé e, mo ní "nọ́ńbà 19," ìlà sì já. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Carla máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, mo ti bá a sọ ọ́.

O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ Ẹtì, o gbọ́ ariwo tí a pa. Nígbà tí Corbin ju bọ́ọ̀lù kẹta sí ibi tí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan, tó jẹ́ ọmọ Dunmore kan, lára àwọn tí à ń bá gbá, ló dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, gbogbo àga hó lé e lórí. Èmi náà hó. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Èmi gan-an ni mo kọ ìwé tí ènìyàn igba ó lé méjìlá fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi ọmọ náà jókòó. Èmi ni mo gbé e ká gbogbo ìjókòó, tí mo sì fi lé Kóòṣì lọ́wọ́ bí ìdíje ṣe parí. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe èmi. Ìlú ló sọ ọ́." Mo rò pé iṣẹ́ gidi ni mo ṣe. Ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò tí mo lọ ní Columbus, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a wá ibi tí iṣẹ́ ti já kí a tó lé òṣìṣẹ́ kankan. Mo gba máàkì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Kò wúlò fún mi lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta wá dé. O mọ bí a ṣe ń ṣe é: àwọn ọmọ á mú báńdì ọwọ́ wọn wá sí ilé oúnjẹ Darlene, èmi á kan báńdì ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ìdíje kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú káàdì inú rẹ̀ tó ń sọ ohun tí ọmọ máa ṣe bí Kóòṣì bá pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Darlene á bu páì ápù fún ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá. Corbin kò wá. Ìyá rẹ̀ ló mú báńdì náà wá. Ó gbé e sórí káńtà, kò jẹ páì, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jáde.

Merv onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ọmọ yẹn ti tán. Ó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń da ilẹ̀ nù."

Bàbá Ruzicka kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ẹyin tó ń jẹ. "Ìwọ tí o gẹ irun fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí etí mi kan wá ga ju ìkejì lọ, ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò dúró?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Darlene ní ẹ̀bi Kóòṣì ni, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ti ń wá àyè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Merv fò dìde, ó ní, "Brody? Brody tí kò lè ju ọ̀dùnkún sínú ìkòkò tó wà níwájú ẹ̀! Darlene, jọ̀ọ́, kọfí ni kó o máa bù."

"Dìde bu tìẹ fúnra ẹ nígbà yẹn," ni Darlene wí, ó sì gbé ìkòkò kọfí náà lọ pátápátá.

Nígbà tí Merv àti àwọn yòókù jáde lọ, tó ku àwa méjì àti Darlene, Bàbá Ruzicka dìde ní tirẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, o mọ̀ ọ́n, ogójì ọdún ló fi yẹ irin wò nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó tì í pa. Ó ní òun máa fi han Merv pé ọmọ náà ò tán. Ó fa dígí tó fi ń ka ìwé ìròyìn yọ lápò, ó lọ dúró síwájú pátákó níbi tí mo ti ń kan báńdì Corbin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti Tavion, ẹni tó máa ń sáré gba bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Lorraine, ọmọ mi, wá bá mi ka eléyìí. Nọ́ńbà 23, kí ló sọ?"

Mo ní, "Òsì, jìnnà."

"Ti Tavion ńkọ́?"

"Ọ̀tún, nítòsí."

"Ó dáa. Ṣé ojú mi ni, àbí ìdíje méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ọmọ yìí ń gbá lórí pápá kan?"

Wendell, òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ka ti ẹni tó tẹ̀ lé Tavion. Ọ̀tún, nítòsí. Mo ka ti gbogbo wọn. Corbin nìkan ni tirẹ̀ dá yàtọ̀! 7, 12, 23, 31, 36, àti 19 tí màá padà sí. Mo wá sún sẹ́yìn lórí pátákó. Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, gbogbo káàdì bára mu. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìlà mẹ́fà ni ti Corbin fi yàtọ̀, mẹ́fà kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni gbogbo ìlú fi jókòó jẹ ẹyin lábẹ́ ẹ̀rí yìí, tí à ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kàn wọ́n, mi ò ka ẹyọ kan.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìwọ tí ò ń tẹ káàdì fún ẹgbẹ́ ò ní láti ṣàlàyé. Ọwọ́ òsì ni Corbin fi ń ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ló ń so báńdì mọ́, ojú ìwé tirẹ̀ sì dá wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Lẹ́yìn ìdíje kẹta, Kóòṣì ní kí o pààrọ̀ ètò eré mẹ́fà torí àwọn ẹgbẹ́ tí à ń bá gbá ti mọ̀ wọ́n. O pààrọ̀ ti gbogbo ẹgbẹ́. O gbàgbé ojú ìwé ọlọ́wọ́ òsì. Níbi ìgbáradì, orúkọ ètò ni Kóòṣì ń pè, ọjọ́ ìdíje nìkan ló ń pe nọ́ńbà, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ̀. Òfin rẹ̀ yẹn ló wá parí rẹ̀, pé ẹni tó bá dá akẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi máa sáré yí pápá ká nígbà mẹ́wàá. Ta ló máa lanu?

Mo rí Tavion lẹ́yìn ìsìn lánàá. Mo bi í pé níbo ló sáré sí nígbà tí Kóòṣì pe 23. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ibi tí káàdì mi sọ ni mo lọ, Àǹtí. Mo rò pé Corbin ń bínú sí mi ni kò ṣe ju bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ mi mọ́." Ó ní àwọn méjèèjì ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní jẹ́léósinmi ni wọ́n ti ń jùmọ̀ rìn! Mi ò sọ ìdí tí mo fi béèrè fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ débi pé mo di ètè mi mú.

Ohun tó dùn jù ń bọ̀. Lọ́sàn-án àná, èmi àti Bàbá Ruzicka jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n Hank, a wo fídíò ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, à ń gbọ́ nọ́ńbà tí Kóòṣì ń pè, káàdì Corbin lọ́wọ́ mi, ti Tavion lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù mọ́kànlá tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, mẹ́sàn-án ló jẹ́ lórí nọ́ńbà mẹ́fà yìí. Mẹ́sàn-án, Wendell! Ibi tí káàdì rẹ̀ ní kó jù ú sí gan-an ló ń jù ú sí, kò yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ ni, gbogbo wa ì bá ti máa jó. Bàbá Ruzicka ń lu orúnkún rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ wo ọwọ́! Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí!" títí Hank fi wá wò bóyá nǹkan ti ṣe é. Ọmọ náà ò bàjẹ́ rárá. A ṣì lè gba ìdíje mẹ́ta tó kù. Láti àná ni mi ò ti lè jókòó sójú kan.

Ní ti ìlà 19. Lórí káàdì ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi bírò búlúù fa ìlà gba orí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n wá fi ọwọ́ kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ dà sẹ́yìn bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkọ lórí tábìlì Mọ́mì, kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ohio. Àsìkò ìsinmi ìlàjì lo ṣe é. Torí pé lẹ́yìn ìlàjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Kóòṣì pe 19, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni Corbin fi jẹ ayò. Merv ní oríire ni. Ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe oríire. O rí àṣìṣe kan, o tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni, o ò sì wo ìyókù. Lẹ́yìn náà, o dúró níbẹ̀ nígbà tí Kóòṣì ń sọ fún ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé kò wúlò mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹni tó wà nípò rẹ ṣáájú, torí pé ó gbàgbé àpò bọ́ọ̀lù kan ni Kóòṣì ṣe lé e lọ. Ọmọ jòjòló wà nílé, Carla ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lè wá iṣẹ́ mìíràn, èmi náà á sì bá ọ wá a. Corbin ò lè wá ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Bàbá tó ń bọ̀ láti Kentucky ò ní wá lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti ṣe tèmi. Mo ti kọ̀wé sí Kóòṣì láàárọ̀ yìí pé mo gba ìwé tí a fọwọ́ sí padà. Mi ò sọ ìdí, ìwọ lo ni ìdí láti sọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi máa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, màá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Corbin àti ìyá rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó bá mi hó.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Lọ bá Kóòṣì, sọ ọ́ fún un láti ẹnu ara rẹ, kí o mú káàdì méjèèjì dání. Pe Corbin àti Tavion pọ̀ sójú kan, kí wọ́n tẹ́ káàdì wọn síwájú ara wọn, kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà, tẹ káàdì tuntun fún ọmọ náà, kí ẹlòmíràn sì bá ọ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni Kóòṣì máa ń lẹ orúkọ àwọn tó máa gbá mọ́ ilẹ̀kùn. Nítorí náà, aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo fún ọ, kò sí ìṣẹ́jú kan lé e. Darlene ti búra pé òun á pa ẹnu òun mọ́ títí di ìgbà yẹn, ìwọ náà sì mọ Darlene. Bí aago bá lu méjìlá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, èmi àti Bàbá Ruzicka máa tú pátákó yẹn kúrò lára ògiri, a máa gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ Hank, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Kóòṣì la sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo sọ ọ́.

Bá mi kí Carla, kó má tíì fi ẹsẹ̀ yẹn gun àtẹ̀gùn. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Hank ní kí n kí ọ, Bàbá Ruzicka náà ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú, pé nílé iṣẹ́ irin, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣe àṣìṣe ni wọ́n máa ń dá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti kan ìṣó ọjọ́ Ẹtì mọ́ pátákó lábẹ́ orúkọ Corbin. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Káàdì tí ìwọ bá tẹ̀ ni mo fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo aago,

Lorraine.