Àgbo Ìyá Rẹ Kì í Ṣe ti Ibà

Victorin Àyìndé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kútọ̀nù? Ṣé ara ń le, ṣé ẹsẹ̀ ń rìn, ṣé òjò kò wọlé bá ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lókèèrè kò ní gbójú kúrò lára rẹ, ìlú ńlá kò sì ní gbé ọ mì. Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mo sì fi rán awakọ̀ tó ń kó gààrí láti Lagbé lọ síbẹ̀. N kò fẹ́ sọ ọ́ nínú pọ́táàbù, fóònù alágbèéká yín yẹn, nítorí ìwọ lo sọ pé ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i.

Nílé, àgbàdo yọ ọmọ díẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà sì ti ta. Ewúrẹ́ Véronique àbúrò rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Páànù tuntun tí a fi owó àgbo kàn kò jò rárá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò sùn lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ilé ìdáná ló ń sùn.

O rántí ọjọ́ tí o wá ya àwòrán rẹ̀ nídìí ìkòkò àgbo. Ó sọ fún ọ pé àgbo inú rírun ọmọdé ni, pé ohun tí ìyá tirẹ̀ fi lé òun lọ́wọ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O ní kò sẹ́ni tó ń wo inú rírun lọ́sẹ̀ yẹn, pé ibà ni tàǹdáǹsì, pé ẹni tí kò bá bá tàǹdáǹsì rìn, ọjà rẹ̀ yóò kùtà. Mo rò pé Tàǹdáǹsì ni orúkọ ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́, n kò mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé ń sáré tẹ̀lé lọ́sẹ̀ yẹn lo ń sọ, mo sì bẹ ìyá rẹ pé kó má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé àgbo náà ń wo ibà. Ìwọ wá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé kí wọ́n má ṣe lo oògùn òyìnbó mọ́ ọn.

Àwọn èèyàn wá lóòótọ́. Sosthène tó ń bá wa fi iná sí pọ́táàbù ní ìkóríta sọ pé ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ló ń tẹ̀lé ọ. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo bi í pé níbo ni wọ́n ń tẹ̀lé ọmọ mi lọ, ta ló sì ń bọ́ wọn. Ẹ̀rín ló rín.

Obìnrin kan wà ní Tchaada tó ń jẹ́ Sadatou. Ibà mú Rachad ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ti fún un lóògùn, ara ọmọ sì ti ń yá bọ̀. Ló bá rí ìyá rẹ nínú pọ́táàbù, ó dá oògùn náà dúró, ó gun ọ̀kadà wá ra ìgò méjì. Ìyá rẹ kò sí nílé, èmi ni mo tà á fún un. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú ọmọ náà. Wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kú sí lórí ọ̀kadà.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Sadatou wá. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò kejì, tó ti dé ìdajì, kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ, ó ní ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ bá mi wò ó, ṣíbí mélòó ló kù tí Rachad ì bá mu kí ara rẹ̀ tó yá? Ìyá rẹ gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Obìnrin náà dúró títí, ó ní ẹ ṣeun màmá, ó sì lọ.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ da gbogbo àgbo nù, tó fọ́ ìkòkò. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wá rà á. Ìyá rẹ ń sọ fún wọn pé àgbo náà kò wo ibà, pé irọ́ ni òun pa. Wọ́n á ní ó fẹ́ fi kún owó ni, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á máa na ọmọ wọn sí i. Lánàá, ọkùnrin kan já ewé lẹ́yìnkùlé wa fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ.

Mo ti ṣe ìwọ̀n tí agbára mi ká. Mo lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Ìfàngní, mo ní kí wọ́n bá mi yọ àwòrán náà kúrò. Akọ̀wé bi mí pé ara ògiri wo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Sosthène ní wọ́n ti pín in lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Inú mi kọ́kọ́ dùn, nítorí iṣu tí a bá pín bẹ́ẹ̀, kò ní ku nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ní rárá, pé èyí, bí wọ́n ṣe ń pín in ló ń pọ̀ sí i. Ó ní ìwọ nìkan lo ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Mo tú àpótí rẹ, mo wo abẹ́ ẹní, n kò rí kọ́kọ́rọ́ kankan. Bí o bá mú un dání lọ, jọ̀ọ́, ṣí ibẹ̀, kí o yọ ìyá rẹ jáde.

Mo tún ń tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ti ajílẹ̀ o. Àdúrà ogójì ọjọ́ Rachad ku ọjọ́ mọ́kànlá, ìrẹsì àti ṣúgà la fẹ́ gbé lọ síbẹ̀. Má fi owó náà ránṣẹ́ nínú pọ́táàbù. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ mú un wá, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ilé Sadatou. Bó bá lé wa, a ó jọ padà.

Mo fẹ́ fi àdúrà tí a máa ń ṣe fún ọmọ parí ìwé yìí, pé o kò ní fi ọwọ́ ara rẹ sin ọmọ. Ìyá rẹ gbọ́ bí mo ti ń kà á jáde, ó ní kí n dúró, kí n kọ́kọ́ ṣe é fún Sadatou. Mo ní àdúrà yẹn kò lè gbà fún un mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndélé.