Ẹrù Igbó Ìdànrè

Bàbá Túnmiṣe, mo ti yọ oúnjẹ gbígbẹ tí Monílọ́lá ibi iṣẹ́ yín fún yín kúrò nínú báàgì tí ẹ fẹ́ gbé lọ sùn nínú igbó Ìdànrè.

Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún un lórí fóònù láàárọ̀ pé, "Moní, o mà tọ́jú mi o, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ!" Ẹ kò bá mi sọ irú ẹ̀ rí.

Tiẹ̀ wà lórí fíríìjì, ẹ dá a padà fún un. Orúnla, gàrí àti ẹja gbígbẹ tèmi tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nínú báàgì náà fúyẹ́.

Mo ti lọ bẹ àbúrò mi ní Oǹdó. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ilé ni mo jókòó sí, tí mò ń sá ilá yín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé fóònù mi mọ́.