Ọjọ́ Tí Bẹ́ǹṣì Akọ̀ròyìn Ṣófo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, iṣẹ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tura. Kí n tètè sọ ọ́: Màmá ń bẹ, ara wọn sì le. Mi ò lè sọ ìyókù lórí fóònù, ẹkún ni màá fi sọ ọ́.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìròyìn wa ti ń mí gúlegúle látìgbà tí èèyàn kò ti ra ìwé ìròyìn mọ́. Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀gá ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ní orí fóònù ni kí gbogbo wa máa gbé ìròyìn sí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ka ìròyìn kóòtù tí mò ń kọ. "Màdáàmù Kóòtù, iṣẹ́ rẹ dáa, ṣùgbọ́n ọjà tó dáa tí kò tà, ẹrù ni. Fídíò layé ń wò." Bí mo ṣe kúrò ní kóòtù nìyẹn, mo wá ń ya fídíò tọkọtaya tó ń jà níbùdókọ̀ àti ajá tó wọ bàtà.

Àṣé nígbà yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ kan ti gbé àdúgbò wa lọ sí kóòtù, pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ara ògiri ilé kan tí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́. Adájọ́ pe ẹjọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó dájọ́. Bẹ́ǹṣì tí mo máa ń jókòó sí ṣófo. Kàtàkàtà tó wá wó ilé ló jíṣẹ́ fún wa.

Bàbá Télọ̀ iwájú ilé wa di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mú, ó ń bẹ ẹni tó ń wa kàtàkàtà. Màmá gbé fọ́tò Bàbá jáde, wọ́n tún fẹ́ padà wọlé, mo dì wọ́n mú. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù: "Ya á. Bó o ti ń sunkún náà, ṣáà máa yà á." Mo yà á. Mo ya yàrá tí wọ́n bí ọ sí bó ṣe ń wó.

Kò tíì sí ohun tí a gbé jáde tí èèyàn wò tó fídíò yẹn. Àwọn olùpolówó ọjà tó ti sá lọ padà dé. Ilé wa tó wó ló gbé ilé iṣẹ́ wa dúró.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń gbé báyìí. A ń jẹun lọ́jọ́ kan ni wọ́n bi mí pé, "Ṣebí ìwọ lo máa ń jókòó sí kóòtù? Ta ló jókòó lọ́jọ́ tiwa?" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fídíò. Wọ́n ní, "O ṣeun," bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé mò ń padà sí kóòtù, kò jiyàn. Tiwa ti bọ́, agbẹjọ́rò ní kò sọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí orúkọ àdúgbò mìíràn lára àwọn ẹjọ́ tó ń bọ̀, mo sì fi ìròyìn rẹ̀ síta. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló kà á. Màmá tẹ̀ lé mi lọ sí kóòtù. Wọn kò gbọ́ èdè tí àwọn agbẹjọ́rò ń sọ, síbẹ̀ wọ́n jókòó tì mí títí adájọ́ fi dìde.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ. Ilé tí o bá kọ́, wàá pẹ́ nínú rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Má kọ̀wé sí àdírẹ́sì àtijọ́ mọ́. Bàbá Télọ̀ rí akólẹ́tà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akólẹ́tà náà dúró, ó wò yíká, ó sì kó lẹ́tà tó mú wá padà sínú àpò.