Àbẹ́là Inú Yàrá Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Kí ẹni tó bá jí ìwé yìí kà tètè mọ ẹni tó bá pàdé. Èmi, Òkìkíọlá, ni mo mọ kọ̀ǹpútà jù ní gbogbo Adó-Èkìtì, láti Ọjà Ọba títí wọ Ìyìn. Láptọ́ọ̀pù kan kú pátápátá ní Ìyìn lọ́dún tó kọjá. Orí fóònù ni mo ti bá a sọ̀rọ̀ láti Òkè-Ìlá níbí, ó sì dìde. Ẹ̀rọ kankan kì í bà mí lẹ́rù. Kò sì sí ẹ̀dá alààyè tó kọ́ mi. Bí wọ́n ṣe bí mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ìròyìn.

Àgbàlagbà ń ké. Àgbàlagbà ni mo sọ láptọ́ọ̀pù Àǹtí Moní. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà iwájú ilé. Àwa mẹ́ta la wà nílé yìí: èmi, Àǹtí, àti Màmá tó bí Àǹtí tó sì bí ìyá mi. Nígbà tí gbogbo èèyàn ní kó lọ ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, Àǹtí fi Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ, sórí ẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọmọdé padà. Láti ìgbà yẹn, jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́, bí ológbò tó yó.

Àfi láàárọ̀ yìí. Fáànù inú ẹ̀ kàn ń bú bí ẹ̀rọ ìlọta. Ooru abẹ́ ẹ̀ lè se iṣu tí gbogbo Òkè-Ìlá máa fi gún iyán. Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi bó.

Kò bó. Ṣùgbọ́n ó gbóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó ṣì ń ké. Mo fi páálí fẹ́ ẹ títí apá fi ro mí. Kò tiẹ̀ dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 5

Ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Àǹtí ní ìdánwò ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tíí ṣe ọjọ́ kẹrìnlá. Ilé iṣẹ́ kan ló ń wá ẹni tí á máa bá wọn ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ wọn láti ilé tirẹ̀. Inú búráúsà, ohun tá a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti máa ṣe é, kámẹ́rà á sì máa wojú ẹ̀ títí á fi parí. Òní ni wọ́n ní kó fi dánra wò.

Ó jókòó, ó wé gèlè kékeré, ó rẹwà bí ẹni tó ń lọ gbàmì ẹ̀yẹ. Ó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà bú. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ nísinsìnyí, ó di ìgbà tó bá wu lẹ́tà kó tó yọ. Àwòrán ojú ẹ̀ gan, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Ni wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò rí i mọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Ti òní, eré ni. Ti ọjọ́ kẹrìnlá, tí wọ́n bá tì í síta, kò sí ìpadàwọlé.

Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, Èkó ló kù. Bùọ̀dá Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n Àǹtí tó wà ní Èkó, ti bá a wá iṣẹ́ kan síbẹ̀. Tí Àjíǹde bá ti kọjá, á di ẹrù. Ta ni yóò wá kù fún Màmá? Èmi? Ta ni yóò kù fún èmi?

Mi ò sọ ìyẹn síta o. Mo ní mò ń lọ ra búrẹ́dì.

Mo pàdé Táíwò, ọ̀rẹ́ mi tó tún jẹ́ ọ̀tá mi, lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo rò fún un. Ó ní, “Ìwọ tó o jí òkú ní Ìyìn, jí èyí náà ká wò ó.” Mo fún un ní búrẹ́dì díẹ̀ kó lè pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Dókítà bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí ni Dókítà láti òní lọ.

Ó ṣí Ojú Dúdú, fèrèsé dúdú tó máa ń kọ àṣẹ sí. Ó tẹ “top”, lẹ́tà mẹ́ta péré, gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ sì tò síwájú wa, eléyìí tó ń jẹun jù lókè. Ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ dà bí abọ́ kan tí gbogbo wọn jọ ń tọwọ́ bọ̀. Búráúsà ti gbé abọ́ náà lé itan ara ẹ̀, ó ń dá a jẹ.

Mo ní ká yọ búráúsà dànù, ká gbé òmíràn sí i. Ó wò mí.

“Tórí bá ń fọ́ ẹ, Òkìkí, ṣé ká gé e ni?”

Ó ní ohun kan wà nínú búráúsà tó ń jẹun yẹn, òun fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ ní tèmi: Wọ̀bìà.

Ó ń pa àwọn táàbù, ojúewé tó wà ní ṣíṣí, dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ̀bìà ń jẹun lọ. Ó ti gbogbo búráúsà pa — kẹ́kẹ́ pa mọ́ fáànù lẹ́nu, bí ìgbà tí òjò dá. Mo hó! Ó ṣí i padà, ariwo náà padà. Nítorí iná tó máa ń lọ ṣáá, Àǹtí ti ṣètò búráúsà pé gbogbo ohun tó bá wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ ni kó tún máa ṣí fúnra ẹ̀. Wọ̀bìà ń bá wọn wọlé padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ẹ wo obìnrin yìí o. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn nǹkan kéékèèké tó so mọ́ búráúsà, èyí tó ń lé ìpolówó, èyí tó ń wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó pa ọ̀kan, ó dúró, ó tẹ́tí sí fáànù, ó tún tàn án, ó mú ìkejì. Mo ní kó pa gbogbo wọn pọ̀ ká sinmi. Ó ní, “Tó bá wá dákẹ́, ta lo máa sọ pé ó jalè?”

Bàbá Akínbọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé wá tẹ ìwé. Bàbá fetí sí fáànù, ó ní kòkòrò àìrí ló wọnú ẹ̀, kí a lọ sọ ọ́ nù. Èmi ì bá rẹ́rìn-ín. Àǹtí ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, sà, ẹ ṣeun.” Ó sì yẹ ìyẹn náà wò lóòótọ́ lẹ́yìn tí bàbá lọ! Kò bá nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dá bàbá lóhùn. Ó ní ẹni tó ń wá ewúrẹ́ kì í sọ fún ẹni tó tọ́ka síbì kan pé ibẹ̀ ò lè jẹ́ ibẹ̀.

Ó tún ṣí búráúsà kan náà ní tuntun, bí ìgbà téèyàn gbàgbé gbogbo ayé ẹ̀: kò sí táàbù, kò sí àṣà, kò sí ìrántí. Fáànù dákẹ́ rọ́rọ́.

Dókítà bu omi mu. Ó ní, “Búráúsà ò ṣàìsàn. Ohun tó ń gbé kiri ló ń dà á láàmú.”

Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsìn gùn bí ọ̀nà Àbújá.

Bí a ṣe dé, Màmá gba inú ṣọ́ọ̀bù lọ, pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀ lọ́rùn, ó ní òun fẹ́ wo nǹkan ní yàrá òun. Yàrá òun! Àǹtí ló fà á. Línúùsì máa ń jẹ́ kéèyàn pín ojú ẹ̀rọ sí yàrá-yàrá. Yàrá kìn-ín-ní ni ti iṣẹ́. Ìkejì ni ti Màmá, níbi tó ti máa ń wo ìsìn tí orúnkún ò bá jẹ́ kó jáde. Bọ́tìnnì méjì péré lèèyàn máa tẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé tẹ̀ ẹ́. Bí tinú ilé náà ni: wàá ké àgò, wàá sì dúró dìgbà tó bá ní kó o wọlé.

Màmá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò bi í.

Ọjọ́ Ajé, 10

A MÚ WỌ̀BÌÀ!

Àǹtí rántí pé búráúsà náà fúnra ẹ̀ ní ojúewé kan tó máa ń tú àṣírí ara ẹ̀. Ó tẹ about:processes síbi àdírẹ́sì. Ojúewé kọ̀ọ̀kan tò, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀ àti iye tó ń jẹ. Lókè téńté: Iná Àdúrà. Ó ń jẹ fún gbogbo ìdílé.

A wá a nínú gbogbo táàbù. Kò sí. Mo ní iwin ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́.

Àǹtí tún ka orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, “Ibì kan wà tá ò tíì wò.”

Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnnì méjèèjì. Ó gbá a.

“Yàrá ta ni?”

“Àǹtí, ìdánwò yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì!”

“Mo ní yàrá ta ni, Òkìkí?”

“Ti Màmá.”

“Lọ bá mi pè wọ́n.”

Màmá dé. Àǹtí kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì lójú oníbàárà méjì tó ń dúró. “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá yín.”

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wọlé, jàre. Ulé mi mọ́ tónítóní.”

A wọlé. Àbẹ́là kan. Ó ga dé òkè, ọwọ́ iná ẹ̀ ń mì, ó ń tú ìràwọ̀ jáde, ìràwọ̀ ń já bọ́, òjìji ń jó lára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ló ṣe ojúewé náà. Gbogbo mímì yẹn, ọpọlọ Àgbàlagbà ló ń yà á, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsinmi, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò wò. Lábẹ́ àbẹ́là, orúkọ ẹni tí wọ́n tàn án fún: MONÍNÚỌLÁ.

Màmá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá lòun tàn án, á máa jó títí ìdánwò á fi parí, kí ọmọ òun ríṣẹ́, kó má lọ sí Èkó. Fóònù òun máa ń kú, òun ló jẹ́ kóun gbé e sórí ẹ̀rọ tí kì í sùn. Ojúewé náà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá tì í pa, ó ti pa iná ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àdúrà kí Àǹtí yege ló fẹ́ mú Àǹtí fìdí rẹmi!

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo orúkọ ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Màmá jẹ́jẹ́. Màmá gbọ́, ó mi orí. “Uná ẹ̀jẹ́, Moní. A kì í fẹnu pa á.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ìmọ̀ràn Táíwò: ká dúró kí Màmá sùn lọ́sàn-án, ká tì í pa, ká tún tàn án kó tó jí. Mo gbé e dé iwájú Dókítà bí ẹni pé èmi ni mo rò ó. Mo tún fi kún un pé a ṣáà ti pa á láìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ayé ò sì parí.

Ó ní èyí tá a ṣe láìmọ̀, Ọlọ́run gbọ́. Èyí tá a bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lẹ́yìn ìyá òun ńkọ́?

Mo gbé páálí mi, mo padà sí fífẹ́ Àgbàlagbà. Kọ èyí sílẹ̀, ayé: Òkìkíọlá gbà pé òun jẹ̀bi.

Ọjọ́rú, 12

Obìnrin yìí kì í ṣe èèyàn lásán!

Ó ṣí Ojú Dúdú, ó tẹ kill -STOP, ó fi nọ́ńbà Iná Àdúrà sí i. Mo rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo pariwo pé ó fẹ́ pa á. Ó ní orúkọ ló le, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń pa nǹkan. Èyí ń sọ fún un pé kó dúró síbi tó wà, kó má mí, títí òun á fi ní kó máa bọ̀.

Ó ké àgò fún Màmá, ó ní òun fẹ́ wọ yàrá, òun ò sì ní pa iná náà. Màmá ní kó wọlé. A wò ó. Àbẹ́là ń bẹ. Iná ń bẹ lórí ẹ̀, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀, ìràwọ̀ kan dúró sínú afẹ́fẹ́ bí èso orí igi. Kò kú. Kò mì.

Fáànù sì dákẹ́. Mo gbọ́ adìyẹ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó tẹ -CONT, pé kó máa bọ̀, ìràwọ̀ náà parí jíjá bọ́ ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fi ara mi sí i nígbà tí mo ń rò ó fún Táíwò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ṣọ́ ilẹ̀kùn. Mo lé ewúrẹ́, mo lé Táíwò, mo fi ọ̀wọ̀ lé Bàbá Akínbọ́lá. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni mo lé. Bàbá ní ṣé wọ́n ń bímọ nínú ṣọ́ọ̀bù ni.

Àǹtí ti tẹ -STOP, Àgbàlagbà ò sì ké rárá.

Àǹtí jáde, òógùn bò ó. “Ó ti parí.” Ó ti ní kí àbẹ́là máa mì padà kó tó dìde lórí àga.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Kò sí èsì.

Ọjọ́bọ̀, 20

Kò sí èsì. Bùọ̀dá Bámgbóyè pè láti Èkó, ó bèèrè ọjọ́ tí Àǹtí máa dé. Mo wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ Ajé, 24

Wọ́n gba Àǹtí síṣẹ́.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, ó tún kà á sókè. Láti Òkè-Ìlá ni á ti máa ṣiṣẹ́ ọ̀hún, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an. Màmá jó, orúnkún tó ń dùn ún ò rí nǹkan kan sọ. “Àbẹ́là mi! Àbẹ́là mi ló ṣe é!”

Mo la ẹnu. Àǹtí wò mí. Mo pa á dé.

Nígbà tí ijó rọlẹ̀, Màmá fara ti ilẹ̀kùn, ó ń mí. Ó ní, “Ní Fúráídè yẹn, kí o tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó o lọ wẹjú, mo yọjú wo yàrá mi. Uná náà dúró gbọn-in. Kò mì rárá.”

Màmá nu òógùn ojú ẹ̀.

“Mo ti ń tan àbẹ́là kí wọ́n tó bí yín, mi ò rí irú ẹ̀ rí.” Ó wá wo ojú Àǹtí. “Ẹni tó dá a dúró, mo dúpẹ́ pé kò pa á.”

Ó lọ wá omi mu. Àǹtí bojú, kò mọ̀ bóyá kó sunkún ni tàbí kó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe méjèèjì.

Mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo kà á. Ti Ìyìn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: mo sọ fún ẹ̀gbọ́n Táíwò lórí fóònù pé kó ki okùn iná bọ inú ẹ̀rọ ẹ̀, ó sì dìde. Pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù ní Adó, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọjọ́ ṣì ń bọ̀. Ibi tí mo ti parọ́ gidi ni pé kò sí ẹni tó kọ́ mi.

Àǹtí Moní ló kọ́ mi. Kò sì lọ sí Èkó mọ́.