Ìjókòó Àlùfáà àti Rédíò Ìyá Rẹ

Gunnvor, ọmọ mi àtàtà,

Bí o bá ń ka ìwé yìí lójú àwọn àgbà, ìyá ọkọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ bá mi kí, ìyá oníyì tí kì í jẹ́ kí kọfí gbẹ nínú ife àlejò. Lẹ́yìn náà ọkọ rẹ, kí ó tó wá kan ìwọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ ní Bergen. Àwọn àgùntàn wa ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n pé.

Rédíò dígítà tí o fi ránṣẹ́, kí ìyá rẹ lè gbọ́ ìkíni àádọ́rin ọdún tí o fẹ́ kí wọ́n kà fún un, dé ọwọ́ wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti pa ìgbì tí rédíò àtijọ́ ń gbọ́ ni ilé wa ti dákẹ́. Mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ tuntun náà, mo kí i káàbọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò, ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé kan láti ilé iṣẹ́ rédíò fi máàpù hàn wá, ó ní àwọn ti kun àfonífojì wa ní àwọ̀ ewé lórí rẹ̀, pé ohùn ti dé ibẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì lẹ máàpù náà mọ́ ara rédíò kí ó lè rí i kà. Kò fọhùn. Mo gbé e káàkiri ilé, inú ṣalángá ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ó ti lanu.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n máa ka ìkíni rẹ, a fọ ṣalángá, a fọ́n ewé olóòórùn dídùn sílẹ̀ bíi ti Kérésìmesì. Àlùfáà Eilert ni àgbà wa, òun ni a fún ní ìjókòó, lórí ìdérí. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ oníbọ́tìnnì fàdákà. Àwọn ará àdúgbò tò sínú òjò pẹ̀lú kéèkì lọ́wọ́.

Bí wọ́n ti fẹ́ dárúkọ ìyá rẹ, Àlùfáà dìde láti bọ̀wọ̀ fún un. Rédíò kú. Ó jókòó, rédíò jí. Ó tún dìde, ó tún kú! Torgils aládùúgbò wa kígbe pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ìdí yín ni òpó rédíò wa! Àlùfáà ní gbogbo ọdún tí òun fi wàásù, wọn kò bẹ òun rí pé kí òun jókòó kí ọ̀rọ̀ lè jáde. Ó jókòó. Ìyá rẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó gbọ́ tìrẹ, omijé rẹ̀ rẹ kéèkì ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé pé àwọn yóò ri òpó tuntun sórí òkè kejì. Mo fèsì pé kí wọ́n má ṣèyọnu, Àlùfáà tó. Fi owó sítóòfù kékeré ránṣẹ́, nítorí òtútù ń bọ̀, ìyá rẹ sì ń lọ jókòó sínú ṣalángá láràárọ̀, bóyá wọn yóò tún pe orúkọ rẹ.

Ohùn rẹ kò ní sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń retí rẹ yóò máa rí ọ.

Èmi Anfinn, bàbá rẹ, ti sọ tèmi. Ní báyìí, kí gbogbo ilé fara balẹ̀: ìyá rẹ, Borghild, ni yóò gba kálámù, láti bi ọ́ ní ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ń bọ̀ wálé.