Ẹ̀jẹ́ Epo

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Bàbá, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ìyá ìjọ, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ.

Àlàáfíà la wà ní Àgùdà. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, aṣọ kì í gbẹ. Ọkọ mi ń kí yín. Iṣẹ́ ń lọ ní Yàbá, ní ilé àyẹ̀wò oúnjẹ. Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Màmá, à ń kọ́ ìgò bí ikùn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni! A ó lọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ sínú rẹ̀, a ó da omi kíkan sí i bíi ti inú ikùn, a ó fi òróòro sí i, a ó wá gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà la ó wo ohun tí ara lè rí mú níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbé mì ló ń di tiwa. Ohun tó ń ran ojú lọ́wọ́ nínú ẹ̀fọ́, epo ló ń gbé e. Bí a kò bá fi epo sí i, díẹ̀ báyìí ló ń jáde, ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ.

Mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín pé ẹ̀fọ́ yìí mà mọ oge ṣe. Àfi ìgbà tí àbúrò mi Bọ̀dé ti ọ̀dọ̀ yín dé, tó sọ̀kalẹ̀ ní Jíbówú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa ń fọwọ́ tọ́ ògiri, pé ẹ da ẹ̀kọ gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó ní ẹ sọ pé iná ló lọ, bẹ́ẹ̀ àtùpà ń jó níwájú yín. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ìgò yẹn ń bà mí. Bí mo bá gbé e, ikùn yín ni mò ń rí. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn mi ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹ̀yin ni.

Màmá, iwájú ìjọ lẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé epo àti òróró kò ní kan ẹnu yín títí ẹ ó fi gbé ọmọ mi jó. Ẹ̀fọ́ bíbọ̀ oníyọ̀ lẹ ń jẹ látìgbà náà. Ẹ rò pé adùn nìkan lẹ fi du ara yín.

Ọmọ ò ní wá, Màmá. Dókítà ti sọ fún èmi àti ọkọ mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níta, ṣùgbọ́n níta náà lẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọ̀hún, kò sì ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ, ẹ bá mi tú u. Ẹ fi epo sí ẹ̀fọ́ Màmá mi. Mi ò sọ pé epo nìkan ló máa wo ojú sàn. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún Bàbá lágbára. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Mò ń bọ̀ ní Kérésì. Màmá mi, èmi nìkan ni ọmọ tí mo lè gbé wá fún yín. Ẹ jẹ́ kí ojú yín rí mi.

Èmi ọmọ yín,
Fúnmi