Ìbéèrè Tó Ṣáájú Àtàǹpàkò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ara ẹbí, ẹ kú ti ara àlejò. Mo kí Bàbá nídìí ọ̀pẹ wọn, mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ibi tí mo ti jẹ̀bi o.

Òtútù ilẹ̀ Faransé yìí kò mojú ẹnikẹ́ni. Mò ń tẹ́ ibùsùn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, bí mo bá sì délé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú iṣẹ́. Fatú, ọmọ ilẹ̀ Màlì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nìkan la jọ ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí ń fọ́ Fatú débi pé ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Mo rántí yín. Ẹ máa ń sọ pé ara ní ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ àti agbára ń gbà, pé bí ọ̀nà bá dí síbì kan, ibòmíràn ni yóò máa ké, bí ìgbà tí igi bá wó dí ọ̀nà Daagbé tí ará ọjà Ifangni wá ń ráhùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tẹ ọwọ́ fún ẹni tí orí ń fọ́. Mo tẹ ibi ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò Fatú àti ìka kejì, mo ń rọra ka ení, èjì, bí ẹ ti ń kà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó ti ń fúyẹ́. Mo ti ń gbéra ga nígbà tó sọ pé òun lóyún oṣù méjì, òun kò tíì sọ fẹ́nì kankan.

Ìyá mi, kíá ni mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní a kì í tẹ ibẹ̀ fún aboyún, kí oyún má baà wálẹ̀. Ẹ kì í fọwọ́ kan obìnrin láì kọ́kọ́ bi í. Ẹ tilẹ̀ bi ìyá arúgbó tó wá láti Ko-Koumolou, tí kò léyín mọ́, bóyá ó lóyún. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rín jù. Mo jẹ́wọ́ fún Fatú, mo sì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tó jáde, ó ní ọmọ wà dáadáa. Mo sunkún níwájú àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yín kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe ti oyún nìkan: gbogbo ẹni tó bá wọlé lẹ ń bi níbi tó ti ń dùn ún. Tèmi, bí mo bá pè yín, ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti ọjà ẹnubodè ni mò ń béèrè. Àbẹ̀kẹ́ ló sọ fún mi pé ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń gbé ife báyìí. N kò mọ̀, nítorí n kò bi yín rí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọwọ́ tó ń wo aláìsàn sàn kò ní rọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà.

Àbẹ̀kẹ́, dúró díẹ̀ níbí, kí o gba ọwọ́ wọn mú. Ìyá mi, níbo ló ń dùn yín?

Èmi ni, ọmọ yín tó ń retí èsì,
Ṣadé